Gààrí Ìjẹ̀bú tí kò kan mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Gààrí ni mò ń ṣe ní Odògbolú. Láti ìgbà tí mo ti ra jáàkì tuntun tí mo fi ń fún omi pákí, àwọn oníbàárà ń ráhùn pé gààrí mi ò kan mọ́. Ṣé ẹ̀rọ ló bà á jẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Ọjọ́ mélòó ni pákí tí ẹ rin ń lò nínú àpò? Nígbà tó jẹ́ òkúta la fi ń tẹ àpò, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni omi fi ń ro tán, inú ọjọ́ wọ̀nyẹn ló ti ń kan. Jáàkì ń fún omi náà tán láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ wá rò pé ó ti yá. Ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, kó tó dé abẹ́ jáàkì. Kì í ṣe torí adùn nìkan o: májèlé inú pákí ń dínkù bó ṣe ń kan.

Ìbéèrè: Tí gààrí mi bá pẹ́ nínú ọ̀rá, ó ń dì, ó sì ń bu.

Ìdáhùn: Báwo lẹ ṣe ń sanwó fún àwọn tó ń yan án? Bó bá jẹ́ iye kóńgò, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wá a. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí n'Íjẹ̀bú-Igbó. Ìyá kan tó mọ iṣẹ́ dénú máa ń kó gààrí kúrò nínú agbada kó tó gbẹ, torí kí kóńgò rẹ̀ lè pọ̀. Mi ò lè bá a wí. Owó iléèwé ọmọ ló ń lé. Mo sọ ọ́ di owó ojúmọ́, ìkánjú bá tán.

Ẹ tẹ́ gààrí kalẹ̀ títí yóò fi tutù kẹ́ ẹ tó dì í, torí gbígbóná rẹ̀ máa ń mú kí ọ̀rá làágùn. Ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n: tó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó gbẹ, tó bá lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹ dá a padà síná. Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ ti gbogbo àgbáyé, ní kí omi inú gààrí má ju ìdá 12 nínú 100 lọ.

Ìbéèrè: Àwọn ọ̀dọ́ ò dúró sídìí agbada.

Ìdáhùn: Èéfín ló ń lé wọn. Ẹ kọjú ẹnu ààrò sẹ́yìn ògiri, kí ẹni tó ń yan gààrí wà nínú ilé, kí igi máa jó níta.