Ọmọ ajá tó ń ké lóru: ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi

Ọ̀fà ni mo ń gbé. Bí mo bá ti tilẹ̀kùn lálẹ́ ni ajá mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hu, tí á máa ha ilẹ̀kùn, tí á sì tọ̀ sílẹ̀. Lọ́sàn-án, kò sí wàhálà. Ìyá kan nínú agbo ilé wa ní àǹjọ̀nú ló ń rí.

Mo so ó mọ́lẹ̀, igbe le sí i. Mo tan rédíò fún un, àwa gan-an ni kò sùn. Àwọn kan ní kí n nà án. Ẹ má dán an wò o, ẹ̀rù àtidá wà ló ń bà á.

Ohun tó yanjú ẹ̀: mo tẹ́ aṣọ mi tí mi ò tíì fọ̀ síbi tó ń sùn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa, mo ń sún ibi tó ń sùn díẹ̀díẹ̀: sẹ́nu ọ̀nà yàrá, lẹ́yìn náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tó bá ké, mo dá a padà síbi tó sùn sí lálẹ́ àná, mi ò sì bínú sí i. Lọ́sàn-án, mo máa ń jáde fún ìṣẹ́jú kan, kí n wọlé kó tó ké, kí n tó máa fi kún ìṣẹ́jú náà. A tún máa ń rìn dáadáa nírọ̀lẹ́ kó lè rẹ̀ ẹ́.

Bóyá tiyín á yàtọ̀. Tó bá jẹ́ ajá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ó lè jẹ́ àìsàn.