Bí a ṣe ń dá owó lé iṣẹ́ fọ́tò ìlẹ̀kẹ̀ àti góòlù tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ ni

Ẹni tó bá ń ya fọ́tò ìlẹ̀kẹ̀, yẹtí, òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn nígbà tọ́wọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ míì ló fi ń jẹun, ibi tó ti máa ń há ni ìgbà tí oníbàárà bá bi í pé "Èló lẹ máa gbà?" Ẹlòmíì á ní "ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín náà ni, mà", ẹlòmíì á lọ wo iye tí ẹnì kan ní Èkó gbé sórí Instagram, á gé e sí méjì, ó parí. Ọ̀nà méjèèjì ò dáa. Iye tó yẹ kẹ́ ẹ gbà wà nínú wákàtí tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ń lò àti owó tó ń jáde lápò yín níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìṣirò ẹ̀ ò sì le, bébà kan àti bírò ti tó.

Kẹ́ ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ ń tà, torí àwọn èèyàn rò pé títẹ bọ́tìnì kámẹ́rà la ń sanwó fún. Ẹ mú òrùka kan tó ń dán, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ sún mọ́ ọn. Gbogbo ohun tó wà níwájú ẹ̀ ló máa hàn lára ẹ̀: kámẹ́rà, ọwọ́ yín, fèrèsé, àní àwọ̀ aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ ní láti fi kádíbọ́ọ̀dù funfun tàbí aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí i ká, kẹ́ ẹ fi ihò kékeré sílẹ̀ fún láńsì nìkan, kẹ́ ẹ wá máa sún iná síbí sọ́hùn-ún títí ojú òrùka yẹn á fi mọ́. Bẹ́ ẹ bá sì ti fọwọ́ kàn án, àmì ìka yín ti wà lára ẹ̀ nìyẹn, ojú lásán lè má rí i o, àmọ́ kámẹ́rà tó sún mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ á rí i. Ti ibi tó máa hàn kedere tún wà ńbẹ̀. Tí láńsì bá sún mọ́ nǹkan kékeré jù, iwájú òrùka á hàn kedere, ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣe bàìbàì, ẹ báà dín ihò inú láńsì kù sí f/11, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń ya fọ́tò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ láti iwájú lọ sẹ́yìn, wọ́n á wá fi kọ̀ǹpútà pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan.

Iyùn ní wàhálà tiẹ̀. Abẹ́ gílóòbù tó mọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ iyùn á yí padà sí àwọ̀ ọsàn, bẹ́ẹ̀ ìyàwó tó fẹ́ rà á ti mú aṣọ òkè ẹ̀ sílẹ̀, àwọ̀ yẹn gan-an ló ń wò. Nítorí náà ẹ gbé bébà funfun tàbí káàdì aláwọ̀ eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ nínú fọ́tò àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ lè fi tún àwọ̀ tó kù ṣe. Tó bá wá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, eruku ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi, ẹ nù ún tán, kẹ́ ẹ tó dé ìdí kámẹ́rà eruku míì ti bà lé e, ẹ ó sì máa yọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe édíìtì. Gbogbo èyí ni iṣẹ́. Òun la fẹ́ dá owó lé.

Ó yá, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ wọn àkókò yín. Ẹ má tíì gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kó yẹtí, òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn tẹ̀yin tàbí ti ará ilé yín jọ, bíi mẹ́wàá, ẹ tan aago inú fóònù yín, kẹ́ ẹ ṣe é bí ẹni pé oníbàárà ló gbé e wá. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí títò ibi iṣẹ́ gbà, iye tí nínu àti yíyà ẹyọ kan gbà, iye tí édíìtì fọ́tò kan gbà. Ẹ má purọ́ fún ara yín o, ìgbà tẹ́ ẹ jókòó ń yan èyí tó dáa jù nínú ogún fọ́tò tó jọra náà wà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní obìnrin kan tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ ní Tákíè fẹ́ kẹ́ ẹ ya ẹyọ mẹ́wàá, fọ́tò mẹ́ta mẹ́ta fún ìkọ̀ọ̀kan. Lílọ gbà á àti lílọ dá a padà, wákàtí 1. Títò tábìlì, iná àti kádíbọ́ọ̀dù, wákàtí 1. Nínu àti yíyà, ìṣẹ́jú 15 lórí ẹyọ kan, ìyẹn wákàtí 2 àtààbọ̀. Édíìtì, ìṣẹ́jú 10 lórí fọ́tò kan, fọ́tò 30, wákàtí 5 nìyẹn. Fífi ránṣẹ́ àti ìpè sókè sódò, ààbọ̀ wákàtí. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, wákàtí 10 gbáko. Ẹ wá rí i pé nínu àti yíyà ò ju ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ náà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó tó ń jáde lápò yín. Owó ọ̀kadà tàbí máruwá, ká fi sí 1,500 náírà. Epo jẹnẹrétọ̀ torí kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé iná NEPA fún iṣẹ́ wákàtí 5 lórí kọ̀ǹpútà, 3,000. Dátà láti fi fọ́tò ránṣẹ́, 1,000. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà ni kámẹ́rà tó ń gbó. Ká ní 500,000 náírà lẹ ra kámẹ́rà àti láńsì, tẹ́ ẹ sì rò pé ẹ ó lò ó fún ọdún 4, tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ 50 lọ́dún, iṣẹ́ 200 ló máa ṣe kó tó di ohun tẹ́ ẹ máa pààrọ̀, ìyẹn 2,500 lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń yà á, ìṣirò kan náà ni. Àpapọ̀ owó tó jáde jẹ́ 8,000 náírà.

Ó wá ku owó wákàtí yín. Ẹ jẹ́ ká mọ ilẹ̀ tí a ò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ ẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 ni 70,000 náírà. Ẹ pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, wákàtí 8 lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 náírà ní wákàtí kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ò gbọ́dọ̀ gba iye tó kéré sí ìyẹn lẹ́yìn tó bá ti yọ ìnáwó kúrò, èmi ò tiẹ̀ gbà pé ó yẹ kó jókòó síbẹ̀, torí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú ojú góòlù mọ́ ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ká fi wákàtí kan sí 2,000 náírà. Wákàtí 10 di 20,000, ẹ fi 8,000 kún un, ó di 28,000. Ẹ pín in sí ẹyọ mẹ́wàá, 2,800 ni. Ẹ pè é ní 3,000 náírà lórí ẹyọ kan, èlé kékeré yẹn á gbé ìpè tí ẹ ò rò tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá wo ẹni tó ní 500 náírà lòun ń gba lórí ẹyọ kan. 5,000 ló gbà lórí iṣẹ́ yìí, 8,000 ló ná. Ó fi 3,000 náírà tiẹ̀ kún un, ó sì fi wákàtí 10 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún ba ọjà jẹ́ fún ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn ẹ̀, tó jẹ́ pé fọ́tò yìí nìkan ló fi ń san owó ilé. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an. Pé a fẹ́ràn iṣẹ́ kan ò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Télọ̀ náà fẹ́ràn aṣọ rírán, ṣé ẹnikẹ́ni lè lọ bá a pé torí bẹ́ẹ̀ kó má gbowó iṣẹ́?

Àmọ́ o, 3,000 lórí ẹyọ kan ò lè bá gbogbo èèyàn mu. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tó ń ta yẹtí 1,500 náírà lórí WhatsApp ní àdúgbò Under G ò lè san 3,000 láti ya yẹtí kan, kò sì yẹ kó san án. Ẹ má gé owó wákàtí yín fún un, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gé. Ẹ to yẹtí mẹ́fà sórí aṣọ kan, ẹ yà wọ́n pọ̀ nínú fọ́tò kan láti òkè, inú gbàgede tí oòrùn ò ti wọlé tààrà, ẹ má ṣe pípa pọ̀ kankan, kí édíìtì mọ sí àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ márùn-ún, tó ti gba yẹtí 30, wákàtí 2 lè gbé e. Ẹ bi í léèrè pẹ̀lú bóyá ó ní ogún irú yẹtí kan náà nílẹ̀, torí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, fọ́tò kan ṣoṣo ló máa ta ogún, a jẹ́ pé 3,000 yẹn ò wọ́n mọ́.

Àwọn iṣẹ́ tó sì yẹ kó ju 3,000 lọ wà. Òkúta tó ń tan yẹ̀rìyẹ̀rì, góòlù tó rí roboto tí gbogbo yàrá ń hàn nínú ẹ̀, òrùka tẹ́ ẹ máa pa fọ́tò mẹ́jọ pọ̀ fún. Ẹ lè fi ìdajì lé e. Tó bá jẹ́ ọrùn èèyàn ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ yà á sí, owó ẹni tó máa wọ̀ ọ́ àti owó ìṣaralóge dọwọ́ oníṣòwò, kì í ṣe ọwọ́ yín. Góòlù gidi tí owó ẹ̀ pọ̀, mi ò gbà yín nímọ̀ràn láti gbé e lọ sílé. Ẹ lọ yà á nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ni í, kẹ́ ẹ fi owó ìrìn àti wákàtí ìtòsílẹ̀ kún un. Tẹ́ ẹ bá sì máa gbé ohunkóhun lọ, ẹ kà á lójú wọn, ẹ fi fóònù ya gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó dìde, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lójú ẹsẹ̀.

Ti nájà ńkọ́? Wọ́n á ná an, Yorùbá ni wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣe é ní 15,000, iṣẹ́ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn." Ẹ má bínú, ẹ má sì sọ owó kalẹ̀ kí nǹkan kan má yí padà nínú iṣẹ́. Ẹ dá a lóhùn pé "Mo gbọ́ yín, mà. 15,000 á gbé ẹyọ márùn-ún, tàbí ká ṣe mẹ́wàá ní fọ́tò kan kan, èwo lẹ fẹ́?" Tó bá jẹ́ ẹbí tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ kọ iye tó tọ́ sórí bébà, kẹ́ ẹ kọ ẹ̀dínwó sábẹ́ ẹ̀, kí wọ́n rí ohun tẹ́ ẹ fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹ̀dínwó tí wọn ò rí, iye iṣẹ́ yín ló máa dà lójú wọn, òun náà ni wọ́n á sì sọ fún ẹlòmíì.

Ẹ gba ìdajì owó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan iná. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi èyí tó kéré, tí orúkọ yín wà lórí ẹ̀, ránṣẹ́ kí wọ́n wò ó, tówó bá pé, ẹ fi èyí tó tóbi ránṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú pé àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀fẹ́. Ẹ tún sọ ibi tí wọ́n lè lo fọ́tò náà dé. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022 ní Nàìjíríà fún ẹni tó ya fọ́tò ní ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá jọ kọ nǹkan míì sílẹ̀, nítorí náà tó bá jẹ́ WhatsApp àti Instagram lẹ gbà, tí wọ́n wá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí pátákó ńlá ojú títì, owó míì nìyẹn. WhatsApp tẹ́ ẹ jọ kọ síra yín ti tó bí ẹ̀rí fún iṣẹ́ kékeré, ẹ má ṣáà fẹnu lásán sọ ọ́.

Lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ tún ìṣirò yìí ṣe, torí epo ò dúró sójú kan, ọwọ́ yín náà á ti yá sí i. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 10 tẹ́lẹ̀, tó ti di wákàtí 7 báyìí, kó má rò pé ó yẹ kóun gbowó tó kéré, owó wákàtí ẹ̀ ló yẹ kó gòkè. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ò ráyè iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fi kún un, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn oníbàárà àtijọ́ ní oṣù kan ṣáájú, báyìí: "Ẹ kú ọjà o, mà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, ẹyọ kan á di 3,500. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá sanwó ẹ̀ sílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, 3,000 náà ni."