Bí ọrùn ọmọ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: fún àwọn ọmọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Ní Àkúrẹ́, ọmọ tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ nílẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyá àgbà ń gbé e, àbúrò ń gbà á, aládùúgbò ń pọ̀n ọ́n lọ Ọjà Ọba. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá rẹ̀ nìkan ló wà nílé, bàbá ti lọ ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ ń ti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sínú àga mọ́tò, ó ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú kẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn orí kan náà ló sì ń fi lélẹ̀ níbi gbogbo, orí sì lè tẹ́ níbẹ̀.

Bí ọrùn bá tún le, ọ̀rọ̀ di méjì. Iṣan kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, láti ẹ̀yìn etí dé òkè egungun àyà. Bí ti ọ̀tún bá kúrú, orí ọmọ á tẹ̀ sí èjìká ọ̀tún, àgbọ̀n rẹ̀ á kọjú sí òsì. Apá tó rọrùn fún un ni á máa wò, orí tó ṣì rọ̀ á sì tẹ́ síbẹ̀. Ìyá ló sábà ń kọ́kọ́ fura: ọmọ ń mu ọmú kan dáadáa, ó ń bá èkejì jà, tàbí ibì kan náà ló ń wò nínú gbogbo fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Orí títẹ́ yìí kì í ba ọpọlọ jẹ́.

Ẹ má torí ẹ̀ fi ọmọ sùn dojú bolẹ̀ o. Láti 1991 ni wọ́n ti ń kéde níbí pé ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi sùn, ikú òjijì àwọn ọmọ ọwọ́ sì ti dínkù gan-an látìgbà náà. Ẹ má ra ìrọ̀rí tí wọ́n ní ó ń tún orí ṣe.

Ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún ni health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé láàárín ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn ìbí. Àwọn ènìyàn wa á gbálẹ̀, wọ́n á wọṣọ tó dáa, wọ́n á ní kò sí wàhálà kankan, torí wọ́n rò pé ìjọba ló rán an wá ṣọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, náà á yẹ ọmọ wò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ẹ ní kó wo ìbàdí rẹ̀ dáadáa, torí ìṣòro ìbàdí máa ń bá ọrùn líle rìn nígbà míì. Ọ̀kan nínú wọn ló máa kọ̀wé sí físíò àwọn ọmọdé, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan. Bí ẹ bá san owó ìlera pẹ̀lú físà, ó ti kárí ìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni ògbufọ̀ Yorùbá tí ẹ bá béèrè. Ẹ kò nílò ìwé físà tàbí ẹ̀rí àdírẹ́sì kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ohun yòówù kí ẹni tó wà ní káńtà sọ. Bí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ tètè sọ fún wọn: lẹ́tà lè sọnù, ẹni tí kò bá sì yọjú, wọ́n lè yọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kúrò. Bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, pàápàá kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́ta, iṣan máa ń tètè gbọ́ràn.

Ẹ má retí ẹ̀rọ tàbí òògùn lọ́dọ̀ físíò. Á wo bí ọrùn ṣe ń yí, á kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa nà án jẹ́jẹ́, ẹ̀yin lẹ ó sì máa ṣe é nílé, bóyá nígbàkigbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ pámpáàsì. Ẹ dojú ọmọ bolẹ̀ nígbà tó bá lajú, tí ẹ sì ń wò ó. Bí kò bá fẹ́ ilẹ̀, àyà yín náà dára. Ẹ ki oríkì rẹ̀ láti apá tí kì í fẹ́ wò. Pípọ̀n náà wúlò, torí ó ń gbé ẹ̀yìn orí kúrò lórí ohun líle, ṣùgbọ́n ẹ bi físíò ìgbà tí ọrùn á lè gbà á, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi ń ti ẹ̀yìn yín.

Màmá yín ní Ìjàpọ̀ á rí fídíò, á pè: “Ẹ fomi gbígbóná tẹ orí ọmọ yẹn, kí ẹ sì na ọrùn rẹ̀. Ṣé èmi kọ́ ni mo wẹ ìwọ náà ni?”

“Ẹ̀yin ni, Mà. Físíò ní ká má fi agbára nà án ni.”

Ẹ má bá wọn jà. Bí wọ́n bá wá tọ́jú ọmọ, ẹ mú wọn dání lọ rí físíò. Ọwọ́ tó ti wẹ ọmọ púpọ̀ máa ń tètè mọ ìdárayá yẹn ṣe ju tiyín lọ. Fífi orí gbé ọmọ sókè nídìí ìwẹ̀ nìkan ni kò ní àríyànjiyàn: kí wọ́n fi sílẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá sì ń gbé ọmọ lọ ṣọdún nílé, ẹ mú bébà ìdárayá náà lọ. Físíò wà ní ilé-ìwòsàn UNIMED, ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó.

Ní ti akoto tí wọ́n ní ó ń tún orí ṣe, tí ẹ ń rí lórí àwọn ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kì í sábà fúnni. Àwọn aládàáni ń gbà ju 2,000 pọ́n-ùn lọ, ọmọ á sì máa dé e fún wákàtí 23 lójúmọ́. Ní 2014, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní Netherlands lórí ọmọ 84 tí orí wọn tẹ́ níwọ̀nba tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ara wọn sì le: nígbà tí wọ́n pé ọdún méjì, àwọn tó dé akoto kò fẹ́rẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tí kò dé e. Èmi ò ní fi owó àjọ rà á láìjẹ́ pé dókítà àgbà fúnra rẹ̀ ló ní kí n rà á.

Bí egungun bá yọ gọnbu lórí ọmọ, tàbí tí àwùjẹ̀ tètè dí, GP gbọ́dọ̀ rí i láìpẹ́. Bí ọrùn bá ṣàdédé wọ́, tí ibà tàbí èébì wà níbẹ̀, A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilé-ìwòsàn, ni kí ẹ gbé e lọ. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì lóru, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn NHS. Bí kò bá mí dáadáa, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ pe 999 fún áńbúláǹsì.