Ẹsẹ̀ ń wú, ẹsẹ̀ ń ro, egbò ò jiná: ìdáhùn sí ohun tẹ́ ẹ ń bi mí lójoojúmọ́

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, yàrá tí wọ́n ti ń di egbò ni mo wà, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀ títí tá a fi ń ti ilé. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé, kẹ́ni tó ni ín sì tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á ti fi róòbù pa á, wọ́n á ti fi omi gbóná jó o, wọ́n á ti ra kápúsù ní kẹ́mísìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ẹ̀jẹ̀ ni ò dé ẹsẹ̀ yẹn dáadáa, àbí ó ń débẹ̀ àmọ́ kò rọ́nà padà sókè? Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ohun tó ń wo ọ̀kan sàn lè ba èkejì jẹ́ pátápátá.

Ọ̀nà ẹ̀ nìyí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn wá máa ń pín sí méjì níwọ̀n ibi tí ìdodo wà, ọ̀kan lọ sọ́tùn-ún, ọ̀kan lọ sósì. Ìkọ̀ọ̀kan á tún pín nínú ìbàdí, ẹ̀ka kan á lọ bá ilé ọmọ, àpò ìtọ̀ àti ìdí, èkejì á gba ibi tí itan ti pàdé ikùn wọnú itan, á gba ẹ̀yìn orúnkún, á já sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ìlọ nìyẹn. Àbọ̀ ló le, torí òkè ló ń lọ, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń fún ẹ̀jẹ̀ sókè tá a bá ń rìn, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké sì wà nínú iṣan àbọ̀ yẹn tí wọ́n ń ṣí sókè nìkan, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ṣàn padà wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ ń rí lẹ́sẹ̀ yẹn, ìlọ tàbí àbọ̀ yìí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kókósẹ̀ mi méjèèjì máa ń wú lálẹ́, tí mo bá sùn á lọ.

Ẹ wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Tó bá jẹ́ amlodipine, ó máa ń wú ẹsẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ ọ́. Tí kì í bá ṣe oògùn, ẹ lọ yẹ ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ wò.

Ìbéèrè: Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó dé Àbújá, ẹsẹ̀ méjèèjì wú.

Ẹ rìn. Tẹ́ ẹ bá tún ń lọ, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti dúró, ẹ sì máa ju ọrùn ẹsẹ̀ sókè-sódò nínú mọ́tò. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wú, ìdáhùn tó kàn ni kẹ́ ẹ kà.

Ìbéèrè: Ẹsẹ̀ òsì ìyàwó mi wú lójijì, ó bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá wa ní ká fi òrí ra á ká máa tẹ̀ ẹ́.

Ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró. Ọsibítù ni, lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú lójijì, tó ń dùn lẹ́yìn ojúgun, tó gbóná ju èkejì lọ, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan tó wà nísàlẹ̀ ẹran, òun lẹ sì ń tẹ̀ yẹn, tó bá já, á gba inú ìbàdí lọ sínú ọkàn, ọkàn á tì í sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa èèyàn kí wọ́n tó gbé e dé ẹnu géètì. Aboyún àti ìyá ọlọ́mọ tuntun, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tipẹ́, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ẹni tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró tó ní họ́mọ́ọ̀nù obìnrin tí wọ́n ń pè ní estrogen nínú, ọ̀rọ̀ yìí súnmọ́ wọn ju ẹlòmíì lọ. Wọ́n máa fi skáànù wo iṣan ẹsẹ̀, kò dùn rárá, tó bá sì jẹ́ òun, abẹ́rẹ́ heparin tàbí oògùn míì wà tí ò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dídì náà tóbi sí i, ó kéré tán oṣù 3 ni wọ́n máa ń lò ó. Tí èémí ẹ̀ bá wá ń gé, tí àyà ń dùn ún, tàbí tó ń wúkọ́ ẹlẹ́jẹ̀, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ìbéèrè: Tí mo bá rìn díẹ̀, ẹ̀yìn ojúgun mi á mú mi gírígírí, tí mo bá dúró á lọ. Wọ́n ní làkúrègbé ni.

Tó bá jẹ́ ìrìn ló ń mú un wá, tí ìdúró lásán sì ń mú un lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èmi ò ní kọ́kọ́ ronú kan làkúrègbé, ẹ̀jẹ̀ tí ò tó nísàlẹ̀ ni mo máa ronú kàn, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń mu sìgá tàbí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ fi ìka ọwọ́ méjì, kì í ṣe àtàǹpàkò, sí orí ẹsẹ̀ lókè, ní tààrà àárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e, ẹ wò ó bóyá ó ń lù. Ẹ tún yẹ ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú wò. Tẹ́ ẹ ò bá rí i kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, àwọn kan wà tí iṣan orí ẹsẹ̀ wọn kì í lù síta láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ lọ kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní kókósẹ̀ àti ní apá, wọ́n á fi ti apá pín ti kókósẹ̀, tí èsì ò bá tó 0.9, iṣan ìlọ yẹn ti ń dí nìyẹn. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, iṣan wọn lè ti le débi pé nọ́ńbà á ga kó sì jẹ́ irọ́, wọ́n nílò àyẹ̀wò míì. Sìgá, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ìrìn fúnra ẹ̀ ni oògùn: ẹ rìn títí á fi dùn yín, ẹ dúró, ẹ tún rìn. Ẹ má gbé omi gbóná lé ẹsẹ̀ yẹn torí ẹ̀jẹ̀ ò tó tí yóò fi wo ojú ìjóná sàn. Tó bá ti ń ro yín lóru lórí ibùsùn tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ ẹsẹ̀ wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó sinmi, tàbí ọmọ ìka kan ti ń dúdú, ọjọ́ yẹn gan-an ni ọsibítù.

Ìbéèrè: Iṣan yọ gọngọ lẹ́sẹ̀ mi, ó lọ́ po. Ṣé májèlé ni?

Rárá. Ilẹ̀kùn inú iṣan àbọ̀ ló bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ wá ń padà wálẹ̀. Ibi tó ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni iṣan tó gùn jù lọ nínú gbogbo ara, èyí tó gba iwájú kókósẹ̀ inú gòkè dé ibi tí itan ti pàdé ikùn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ há sórí nìyí: tó bá bẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè ju àyà lọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an. Ẹ má fi okùn so itan. Okùn yẹn ń dí ọ̀nà àbọ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ máa tú jáde. Ẹ̀jẹ̀ irú ẹ̀ ti pa èèyàn lórí ìjókòó, ohun tó sì yẹ kí wọ́n ṣe ò ju kí wọ́n dùbúlẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Mo ní egbò lókè kókósẹ̀ nínú, ó ti pé ọdún mélòó kan, mo ti lo gbogbo oògùn, wọ́n ní mo tẹ nǹkan ọ̀tá ni.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá èyí lóhùn torí òun ló ń ká mi lára jù.

Ìyá kan wà tó ń dín àkàrà, orí ìdúró nídìí agbada ló ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló mú un wá. Nígbà tí mo tú aṣọ tí wọ́n fi dì í, ìyẹ̀fun kápúsù tẹtrasáíkílìn ni mo bá lójú egbò, ó ti gan mọ́ ẹran, awọ tó yí i ká ti dúdú ó sì le. Ọmọ ń bi mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóyá kì í ṣe pé wọ́n fi nǹkan dí ìyá òun lọ́nà. A yẹ ṣúgà wò, kò sí. A yẹ jẹ́nótáípù wò, AA ni, torí àwọn SS náà máa ń ní egbò lójú ibẹ̀ gan-an, tiwọn sì ní ìtọ́jú tiẹ̀. Mo wá ìlù iṣan lórí ẹsẹ̀, ó ń lù dáadáa, wọ́n wọn ìfúnpá, ó lé ní 0.9. Ó wá yé wa pé ẹ̀jẹ̀ ń débẹ̀, pípadà ni kì í padà. Ẹ̀jẹ̀ tó dúró yẹn á máa ti omi sínú ẹran, awọ á máa rà díẹ̀díẹ̀, kápúsù wo ló fẹ́ wo ìyẹn sàn?

Báńdéèjì ni. A ń fi òwú wé e lákọ̀ọ́kọ́, ká tó wá fi èyí tó ń fà dì í, láti ìdí ọmọ ìka títí dé abẹ́ orúnkún, ó máa ń fún jù ní kókósẹ̀, níwọ̀n 40 mmHg (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà ni), á sì máa dẹ̀ bó ṣe ń gòkè, kó lè máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ sílé. Egbò bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, ó kéré títí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ló bá dúró. Kò lọ kò bọ̀. A pààrọ̀ oògùn ojú ẹ̀, a lo oyin, a mú omi ojú egbò lọ sí láàbù, kò sí kòkòrò kan tó ṣe pàtàkì. Mátírọ́ọ̀nù wa ní ká gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò torí egbò tó ti pẹ́ lè di jẹjẹrẹ, òótọ́ sì ni, a ṣe é, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ náà ń lé mi dé orí ibùsùn.

Ó wá di ọjọ́ kan tí màmá yà wá láìjẹ́ ọjọ́ wọn, mo wo báńdéèjì tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, kì í ṣe bí mo ṣe dì í. Wọ́n ní ó máa ń yún àwọn, ọmọ àwọn obìnrin ló ń tú u, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń tún un dì. Mo ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá, kó dì í lójú mi. Kókósẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó fi ọmọ ìka àti orí ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó dì í gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, ó wá fún un pinpin lábẹ́ orúnkún kó má bàa yọ̀ bọ́. Ìsàlẹ̀ dẹ̀, òkè fún! Ẹ̀jẹ̀ tá à ń wá ọ̀nà àtigbé lọ sókè, ó ti so ẹnu ọ̀nà ẹ̀ pa. Nígbà tá a tú u, ojú ibi tó fún ti wọnú awọ yíká, orí ẹsẹ̀ wú bọ̀nbọ̀.

Mi ò bínú sí ọmọ yẹn, ìfẹ́ ìyá ẹ̀ ló ń ṣe é, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo mú báírò, mo ya àpótí kéékèèké tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ sára báńdéèjì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ní tó bá ti ń fà á tí àpótí náà sì fẹ̀ títí ìbú àti òró ẹ̀ fi dọ́gba, ó ti tó, kó má fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dì í, ó tú u, ó dì í títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ti yíyún, a fún wọn ní faselíìnì lásán tí kò ní òórùn kí wọ́n máa fi pa awọ kí wọ́n tó dì í. Wọ́n sì gbé búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lápá ìsàlẹ̀. Egbò yẹn pa ojú dé. Skáànù wá fi hàn pé ilẹ̀kùn iṣan gígùn yẹn ti bàjẹ́ lókè níbi itan, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀, torí tí wọn ò bá tún ibẹ̀ ṣe, irú egbò bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ padà wá. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ ni màmá ń wọ̀ dín àkàrà báyìí.

Ẹ má torí ìtàn yìí lọ ra báńdéèjì dì fúnra yín o. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ẹsẹ̀ yẹn dáadáa tẹ́ ẹ wá fi báńdéèjì fún un, ẹ lè pa ẹsẹ̀ náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn ìfúnpá.

Ìbéèrè: Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló máa ń wú láti ọjọ́ pípẹ́, skáànù ẹsẹ̀ ò sì rí nǹkan kan.

Nígbà náà, inú ìbàdí ni kí wọ́n wò, skáànù ẹsẹ̀ kì í sábà ríbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe skáànù ikùn ìsàlẹ̀ bóyá fáíbírọ́ìdì tàbí kókó kan ló ń tẹ iṣan. Tí kò bá sí, ẹ rántí pé iṣan ìlọ apá ọ̀tún máa ń gorí iṣan àbọ̀ apá òsì kọjá nínú ìbàdí, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi sábà máa ń dì lẹ́sẹ̀ òsì ju ọ̀tún lọ, nínú oyún pàápàá. Àwọn olùṣèwádìí méjì, May àti Thurner, kọ ọ́ lọ́dún 1957, òkú 430 ni wọ́n yẹ̀ wò, nínú 100, nǹkan bíi 22 ni wọ́n ti rí i pé títẹ̀ yẹn ti mú kí nǹkan hù sínú iṣan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní in tí ò yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn tó bá yọ lẹ́nu, skáànù CT tàbí MRI ló máa fi hàn, wọ́n sì lè ki stent, ìyẹn páìpù kékeré kan, bọ inú iṣan náà kó lè wà ní ṣíṣí. Èyí kọjá yàrá egbò tiwa, tíṣìn ọsibítù ni kẹ́ ẹ lọ, bíi UCH n'Íbàdàn, LUTH l'Ékòó tàbí OAUTHC n'Ifẹ̀, ẹ bèèrè àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ àyà àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ kó gbogbo skáànù àtijọ́ dání, fíìmù ẹ̀ gan-an, kì í ṣe ìwé èsì nìkan.