Gàrí ni mo fi kọ́ wọn nípa ẹ̀tọ́ tálákà

Ní ilé-ìwé Kátólíìkì tí mo ti ń kọ́ Ìmọ̀ Bíbélì ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ wa lawọ́. Bí Lẹ́ńtì, àsìkò ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, bá ti dé, ìrẹsì, gàrí àti ọṣẹ á kún kọ̀rọ̀ kíláàsì fún àwọn aláìní. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé wọn kì í béèrè ohun tó sọ èèyàn di aláìní. Ìyẹn ni mo gbé ka iwájú àwọn ọmọ SS1 ní sáà tó kọjá.

A kọ́kọ́ ka Ámósì orí 8, níbi tí wòlíì ti bá àwọn tó ń fi òṣùwọ̀n èké rẹ́ tálákà jẹ wí. A ka Jákọ́bù orí 5, níbi tí owó alágbàṣe tí wọn kò san ti ń ké. Mo wá sọ fún wọn nípa Rerum Novarum, lẹ́tà tí Póòpù Leo Kẹtàlá kọ ní 1891: bí òṣìṣẹ́ tilẹ̀ gbà láti ṣiṣẹ́ lówó pọ́ọ́kú nítorí àìrí-ṣe, àìtọ́ ni, nítorí owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó o gbọ́ bùkátà.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò tíì kàn wọ́n. Mo bá ya ìrìn-àjò gàrí sójú pátákó: àgbẹ̀, àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́, ẹni tó ń rin ín, ẹni tó ń yan án nínú èéfín, alájàpá, títí dé ọjà Òkè-Àje. Mo ní kí wọ́n lọ wádìí ohun tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ tí mo pa le: ẹ kí àgbà kí ẹ tó bi í ní nǹkan, ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni, ẹ má sì dárúkọ ẹnì kankan ní kíláàsì.

Ohun tí mo ṣọ́ra fún jù ni pé ọmọ àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ wà láàárín wa. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, ọmọbìnrin kan fúnra rẹ̀ dìde, ó ní iye agbọ̀n tí èèyàn bá bó ni wọ́n ń wò sanwó, pé bí ẹ̀gẹ́ bá ti gbó, ọ̀bẹ kì í yá, owó kì í sì í lé. Kò sí ìwé tí mo kà fún wọn tó là á yé wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ni ọmọkùnrin kan bá ní, “Mà, àwìn tí a ń jẹ lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ ńkọ́?”

Ariwo sọ. Wọ́n fúnra wọn kọ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè. Àwọn kan fẹ́ ká yọ owó náà nínú àpótí Lẹ́ńtì, mo kọ̀ jálẹ̀: a kì í fi owó àánú san gbèsè. Wọ́n san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó oúnjẹ wọn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, tí Ọjọ́ Àwọn Tálákà Lágbàáyé tí Póòpù Francis dá sílẹ̀ bá kò, a ó tún kó ìrẹsì jọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ti ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tó ń gbà á, kí wọ́n gbọ́ ohun tó ń ni wọ́n lára.