"Lọ Wá A Lórí Google": Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí Ẹnìkan Bá Béèrè Ìrànlọ́wọ́ Nínú Gúrùpù

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni. Ẹnìkan tí kò tíì sọ̀rọ̀ rí láti oṣù mẹ́ta tó ti wọ gúrùpù yín kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ káalẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, fóònù mi dúró sójú kan, kò lọ síwájú, kò sì kú. Àwọn fọ́tò ìyá mi tó ti ṣaláìsí wà nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹni àkọ́kọ́ fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Ẹnìkejì ní kó lọ wá a lórí Google. Ẹnìkẹta, tó fẹ́ ṣe é lóore ní tòótọ́, ní kó rísẹ́ẹ̀tì fóònù náà pátápátá.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnìkẹta yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Rísẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ máa ń nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù nù. Fóònù á tàn, fọ́tò ìyá á lọ. Fọ́tò ló ń jẹ oníbèérè lọ́kàn, fóònù ni olùdáhùn rí. Ì bá kọ́kọ́ bi í pé: "Ṣé àwọn fọ́tò náà wà lórí Google Photos tàbí iCloud?" Bí wọn ò bá tiẹ̀ sí níbẹ̀, ohun tí kì í pa nǹkan rẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbìyànjú: lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, kó tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kó lè kú kó sì tún tàn. Ẹ má fún ènìyàn ní ìmọ̀ràn tí kò ṣeé dá padà láì kìlọ̀ fún un. Àwọn kan tilẹ̀ sọ ọ́ di àwàdà: wọ́n á ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, tẹ rm -rf, àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́ láì béèrè lọ́wọ́ ẹni. Ìwà ìkà nìyẹn, kò sí àwàdà níbẹ̀.

Ní ti Google, ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é, kí ni kó tẹ̀ síbẹ̀? Mo ti wá ojútùú sí ìṣòro ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan rí, mo sì bá ẹnìkan tí tèmi àti tirẹ̀ bára mu wẹ́kú. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí wọ́n fún un ni pé kó lọ wá a lórí Google. Google gan-an ló gbé mi débẹ̀! Bí ẹ bá ti dáhùn irú ìbéèrè náà tẹ́lẹ̀, ẹ fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ ibi tó yẹ kó kà. Mo mọ̀ pé ó máa ń súni. Láti 1993, nígbà tí àwọn ẹni tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Usenet, àwọn gúrùpù ìjíròrò àtijọ́ lórí ayélujára, láìdáwọ́ dúró, ni àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń ráhùn, tí wọ́n ń pe ìgbà náà ní September tí kò lópin, nítorí pé tẹ́lẹ̀, oṣù September ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń ya débẹ̀. Ẹni tó bá ti sú kó dákẹ́, kí ẹlòmíràn dáhùn.

Àmọ́ bí gbogbo yín bá dákẹ́ ńkọ́? Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1968, John Darley àti Bibb Latané, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Láìpẹ́, wọ́n gbọ́ ohùn ẹnìkan bí ẹni tí wárápá gbé. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́ kí ohùn náà tó parí. Nínú àwọn tó rò pé ẹni mẹ́rin mìíràn ń gbọ́, ìdá 31 péré ni. Kálukú nínú yàrá tirẹ̀, ohùn nìkan là ń gbọ́: kí ni gúrùpù bí kò ṣe ìyẹn? Nítorí náà, ẹ̀yin ádímìn, ẹ má kàn kọ "ẹ bá wa dá a lóhùn o". Ẹ dárúkọ ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún "ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì mi". Àwọn gbájúẹ̀ fẹ́ràn ẹni tó ń pariwo pé wọ́n ti gba àkáǹtì òun. Wọ́n á dé bí olùrànlọ́wọ́, wọ́n á ní kó ka kóòdù tó wọ fóònù rẹ̀ fún àwọn, bẹ́ẹ̀ kóòdù yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì náà. Olóòótọ́ pàápàá lè ṣì í sọ ní kọ̀rọ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ àìsàn tàbí ọ̀rọ̀ ilé nìkan ni mo gbà pé ó yẹ ní kọ̀rọ̀, lọ́wọ́ ádímìn tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni fóònù kọ̀wé pé: "Ó ti yanjú, ẹ ṣé." Gbogbo gúrùpù kí i kú oríire. Kò sí ẹni tó bi í bó ṣe yanjú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíràn dé: fóònù tòun náà dúró sójú kan.