Ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú oògùn rọpárọsẹ̀ ní Ìbàdàn

Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ aṣèrànwọ́, òyìnbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù funfun ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tí èmi bá ṣiṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Aránṣọ wà nínú wa, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyanṣẹ́lódì lé wálé wà níbẹ̀, Alhaja kan tó ń ta èlùbọ́ ládùúgbò wa náà ń bẹ, àti èmi tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí tí mi ò tíì ríṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ ni pé ká wọ gbogbo agbo ilé tó wà ní apá kan nísàlẹ̀ Bẹẹrẹ, ká kán oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ sẹ́nu gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Alhaja yẹn ló fà mí wọ̀ ọ́. Ó bá mi lójúde níbi tí mo ti ń tẹ fóònù, ó ní, "Ìwọ yìí mọ̀wé kọ, ẹsẹ̀ rẹ sì yá. Dìde ká lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ nǹkan sílẹ̀." Mo bi í bóyá wọ́n ń sanwó. Ó ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dìde. Ká má parọ́, owó ọkọ̀ yẹn ni mo tẹ̀ lé lọ.

Wọ́n kọ́kọ́ dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù wa. Mo ti rò pé wọ́n á kàn máa ka ìwé sí wa létí ni, àmọ́ iṣẹ́ gan-an ni wọ́n kọ́ wa. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni àmì kékeré kan tó wà lára ìgò oògùn. Róbótó ni, igun mẹ́rin kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀. Nígbà tí oògùn bá ṣì dára, igun mẹ́rin yẹn máa ń mọ́ ju róbótó tó yí i ká lọ. Bí ooru bá ṣe ń mú oògùn náà ni yóò máa ṣú sí i. Ọjọ́ tí àwọ̀ méjèèjì bá ti bára mu, oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn, kí a gbé ìgò náà sọ́tọ̀. Kò sí pé à ń tọ́ ọ wò tàbí pé à ń gbóòórùn rẹ̀. Àǹtí nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ wa ní kí ẹnikẹ́ni má kan ìlẹ̀kùn kankan láìtíì wo àmì yẹn.

Àárọ̀ kùtùkùtù la máa ń jáde, nítorí pé tí àwọn ìyá bá ti gba ọjà lọ, ọmọ ẹ̀yìn wọn ti bá wọn lọ nìyẹn. A ó kọ́kọ́ lọ gba kúlà tí wọ́n fi ń gbé oògùn, yìnyín tó ti dì á wà nínú rẹ̀ yíká, ìgò oògùn á wà láàárín. Ẹnì kan á máa kán oògùn, èmi á máa kọ ọ́ sílẹ̀, Alhaja á sì máa bá onílé sọ̀rọ̀. Ohun tí mo kẹ́kọ̀ọ́ ni pé iṣẹ́ Alhaja ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Ìyá ọmọ á gbé e lé ẹsẹ̀, á di orí rẹ̀ mú jẹ́ẹ́. Ẹni tó ń kán oògùn á rọra fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ méjèèjì pọ̀ títí ẹnu á fi là bíi ti ẹja, á wá kán ẹ̀kán méjì sórí ahọ́n, láìjẹ́ kí ẹnu ìgò kan ẹnu ọmọ. Tọ́mọ bá tu ú dànù, ká tún un kán. Lẹ́yìn náà la ó fi bírò aláwọ̀ tí kì í tètè parẹ́ kun èékánná ọmọ ìka rẹ̀ kékeré ti ọwọ́ òsì, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ó ti gbà. Nígbà tí a bá sì ń jáde, ṣọ́ọ̀kì la ó fi kọ nọ́ńbà ilé, ọjọ́ tí a wá àti ọfà tó ń tọ́ka sí ilé tó kàn, sára ògiri tàbí ilẹ̀kùn. Ní àwọn agbo ilé ayé àtijọ́ tí yàrá wà lẹ́yìn yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ já sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọfà yẹn ló gbà wá. Láìsí i, ẹ̀ẹ̀mejì la ó wọ ilé kan, a ó sì fo òmíì.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù ni pé, "Ṣebí wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ti tán nílẹ̀ Áfíríkà?" Ìbéèrè tó dáa ni, kò sì yẹ kéèyàn fi ìbínú dá a lóhùn. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú èyí tó ti wà látayébáyé ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Ọdún 2016 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ṣùgbọ́n irú mìíràn ṣì ń bẹ, èyí tó ń jáde lára kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára tó wà nínú oògùn àjẹsára fúnra rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba oògùn, tó wá ń ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara èkejì títí tó fi yí padà. Àwọn kan nínú wa fẹ́ fi ìdajì yìí pamọ́ fáwọn ìyá, wọ́n ní á dẹ́rù bà wọ́n. Èmi kò gbà. Ẹni tí a bá pa ọ̀rọ̀ mọ́ lójú, bó bá gbọ́ ọ níbòmíì, kò ní ṣílẹ̀kùn fún wa mọ́. Mo máa ń sọ ọ́ tán, n ó wá ní: bí ọmọ gbogbo ilé bá ti gba oògùn, àìsàn náà kò ní ríbi bọ́ sí.

Bàbá kan wà tí kì í ṣe ìbéèrè ló ní. Ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ibà ló ń bá àwọn ọmọ mi jà, ẹ ò gbé oògùn ibà wá. Mo gbé èyí àgbà lọ sílé ìwòsàn, gbogbo nǹkan ni mo fowó rà, títí kan abẹ́rẹ́. Èyí tí mi ò bèèrè ni ẹ wá ń gbé káàkiri lọ́fẹ̀ẹ́." Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà pẹ̀lú wa fẹ́ máa bá a jiyàn, Alhaja fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ó dun èmi náà." Kò fi kún un. Ó ní kí n kọ ilé náà sábẹ́ àwọn tó kọ̀, a sì lọ.

Nírọ̀lẹ́, Alhaja lọ bá Mọ́gàjí agbo ilé náà. Àwọn méjèèjì jókòó pẹ́, ọ̀rọ̀ èlùbọ́ àti ọ̀rọ̀ ìsìnkú kan ni mo gbọ́ púpọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìyá àwọn ọmọ yẹn ló kó wọn wá bá wa lẹ́nu gééètì. Bàbá wà lókèèrè, ó kọjú síbòmíì. Lójú tèmi, bàbá yẹn kò jẹ̀bi. Ẹni tó ń fowó ra abẹ́rẹ́ fọ́mọ tó ń ṣàìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè.

Tí oòrùn bá mú, a máa ń jókòó sábẹ́ búkà kan, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó gbé kálukú wá. Aránṣọ ń kó owó rẹ̀ jọ fún ìdánwò WAEC ọmọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní òun kàn fẹ́ kúrò nílé ni. Alhaja ní àbúrò bàbá òun fi ọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ títí tó fi kú, ìgbà tí òun wà lọ́mọdé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí kóńgò èlùbọ́ jẹ́. Kò sẹ́ni tó pe ara rẹ̀ ní olùfara-ẹni-rúbọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, wọ́n yìnbọn pa àwọn obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an ní Kano, ó kéré tán mẹ́sàn-án nínú wọn. Owó táṣẹ́rẹ́ bíi tiwa ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí mo dárúkọ wọn, Alhaja ní àwọn mìíràn padà sẹ́nu iṣẹ́ náà, nítorí pé àdúgbò wọn ni, ọmọ wọn ni. Láti ìgbà náà ni kò ti ń dá mi lójú pé ó yẹ ká máa bi èèyàn bóyá torí owó ló ṣe wá tàbí torí àánú. Owó ló mú mi jáde nílé, àmọ́ owó kọ́ ló mú mi padà gun òkè Mápó lálẹ́ lọ wá ọmọ méjì tí a kọ sílẹ̀ pé wọn kò sí nílé láàárọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí wọ́n tètè san táṣẹ́rẹ́ yẹn. Àwọn aráàlú tí wọ́n ń pè ní olùyọ̀ǹda-ara-ẹni náà ń jẹun.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìṣirò. Iye ọmọ tí a kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá oògùn tó lọ mu, a ó sì dá gbogbo ìgò padà, èyí tó ṣófo àti èyí tó kù. Àwọn ilé tí ọmọ kò sí, àti àwọn tó kọ̀, ni a ó kọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wọ́ọ̀dù rẹ̀ ni kó lọ, kó bèèrè ìgbà tí wọ́n tún máa jáde, kó sì sọ fún wọn pé òun mọ àdúgbò náà dáadáa, nítorí ìyẹn ni wọ́n ń wá ju ìwé ẹ̀rí lọ. Wọ bàtà tó ti mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, gbé omi dání. Bó o bá rí ìyá àgbà kan tí gbogbo èèyàn ń kí ládùúgbò, ẹgbẹ́ tiẹ̀ ni kó o bẹ̀ kí wọ́n fi ọ́ sí.